Bátìrì Tí Kò Bá Hó

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fa wáyà iná wọ Bẹ́yẹrúnká, kò sí ẹni tó gbàdúrà rí pé kí wọ́n mú iná lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ti gbàdúrà pé kí wọ́n mú un wá. Wọ́n ti ṣépè nítorí rẹ̀, wọ́n ti tò lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná, ìyá àgbà kan tilẹ̀ ti tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ pé òun kò relé mọ́. Ṣùgbọ́n pé kí ọmọ ènìyàn dúró ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ó gbójú sókè wo òpó iná, kí ó máa bẹ̀bẹ̀ lábẹ́nu pé, "Yà Allah, mú un lọ, mú un lọ nísinsìnyí," Hikmat ìyàwó Muhydeen ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀.

Iná kò lọ. Ó tilẹ̀ tún mọ́lẹ̀ sí i.

Kí ló mú obìnrin tí orí rẹ̀ pé tó fi ń bá iná ṣọ̀tá? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn ní ogójì ìṣẹ́jú péré.

Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ láti Mápó tó forí lé Bẹ́yẹrúnká, yóò rí ṣọ́ọ̀bù kan tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, tí bátìrì mọ́tò tò síwájú rẹ̀ bí ọmọ ilé kéwú. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ti Bàbá Yẹ̀kínì, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Bátìrì, bàbá ọkọ Hikmat. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ń fún bátìrì mọ́tò níná níbẹ̀. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, gbogbo àdúgbò ló ń rí i bó ṣe ń tiro, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ní, "Orúnkún wo? Orúnkún mi kò ṣe nǹkan kan."

Abẹ́ àtíbàbà iwájú ni ti Hikmat: tábìlì kan, àga kan, àti irin tí wọ́n fi ń jó òjé. Fóònù ló ń tún ṣe, àti iná sólà. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí náà wà nínú férémù lára ògiri inú ṣọ́ọ̀bù. Ìṣó tó gbé e dúró ni Bàbá máa ń gbé fìlà rẹ̀ kọ́, tó fi jẹ́ pé láti àárọ̀ dalẹ́, orúkọ Hikmat kì í rí ìmọ́lẹ̀.

Àárín àwọn méjèèjì dára o. Kìkì pé ní oṣù méjì sẹ́yìn, Hikmat sọ lójú oníbàárà pé bátìrì tí Bàbá ń fún níná ti kú, kò lè jí mọ́. Òótọ́ ni. Bátìrì náà kú fin-ín-fin-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, Alájà Qúdrát, ẹ̀gbọ́n Bàbá, olórí àwọn ọmọbìnrin ilé, pe gbogbo agboolé jọ.

"Ìyàwó tó bá ń ṣe tíṣà fún bàbá ọkọ rẹ̀ lójú ọjà," ni Alájà wí, "ilé ọkọ ti sú u nìyẹn."

Hikmat kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Wọ́n dárí jì í, wọ́n sì fi ìkìlọ̀ lé e: bó bá tún tàbùkù Bàbá ní gbangba lẹ́ẹ̀kan sí i, tábìlì rẹ̀ yóò kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù, yóò lọ máa jókòó sẹ́yìn ilé.

Ó wá lọ síbi òkú kan ní Ìsẹ́yìn fún ọjọ́ méjì. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yìí ló dé, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù lọ kí Bàbá. Ó kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ tẹ nǹkan kan tó mú bí èékánná. Ó he é nílẹ̀: pátákó kékeré aláwọ̀ ewé kan, tí òjé wà lára rẹ̀, tó tóbi tó ìka méjì.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo ni èyí ti wá?"

"Ìyẹn? Ọlọ́pàá ni."

"Ọlọ́pàá kẹ̀, Bàbá?"

"Ọlọ́pàá ojú títì!" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí orí pákó tó ń to bátìrì sí. Láàárín bátìrì mọ́tò dúdú mẹ́rin, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà búlúù wé, tó rí bíi bíríkì. "Bátìrì sólà Tíṣà Edith ti Kúdẹtì nìyẹn. Lánàá, bí mo bá ti fún un níná díẹ̀, á dá a dúró. Mo gbé etí lé e, kò hó. Mo tún fún un, ó tún dá a dúró. Mo ní irú ahun wo rèé? Mo ya rọ́bà ara ẹ̀, àfi bí mo ṣe rí ọ̀gbẹ́ni tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń dá iná padà bí ọlọ́pàá tó gbé igi dí títì. Mo ní kó dìde ńbẹ̀. Mo so wáyà mọ́ ìfun bátìrì gan-an. Láti aago mẹ́jọ ló ti ń mu ún, kò sí ìdíwọ́!"

Hikmat wo pátákó ọwọ́ rẹ̀, ó wo bátìrì náà.

Òfin kan ṣoṣo ni Bàbá Bátìrì ní, òun ló sì fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ mọ́kàndínlógún yọrí: bátìrì tí kò bá hó, kò tíì yó. Ní ti bátìrì mọ́tò, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Omi ásíìdì ló wà nínú rẹ̀; bí iná bá ti kún inú rẹ̀ dáadáa, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣìì-ṣìì. Bàbá kì í lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná. Etí ọ̀tún rẹ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, yóò tẹ̀ba, yóò gbé etí lé orí bátìrì bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó, yóò di ojú méjèèjì, yóò máa gbọ́.

Ṣùgbọ́n bátìrì Tíṣà kò ní omi. Lítíọ́mù ni. Àpò fàdákà pẹlẹbẹ mẹ́rin ni wọ́n tò léra nínú rọ́bà yẹn, oje inú wọn sì ń gbiná bíi pẹtiróòlù. Pátákó aláwọ̀ ewé yẹn ni olùṣọ́ wọn: bí wọ́n bá ti yó, òun ló ń tilẹ̀kùn mọ́ iná. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá yọ olùṣọ́ rẹ̀, tí wọ́n wá so ó mọ́ ṣájà mọ́tò, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó tó. Yóò máa mu, yóò máa gbóná, yóò máa wú. Bí tirẹ̀ bá sì hó, kì í ṣe pé ó yó. Ó fẹ́ bẹ́ ni.

Bàbá ti tẹ̀ba. Ó gbé etí lé e.

"Kò tíì hó," ni ó wí.

"Bàbá," Hikmat rọra sọ, "ẹ dákun, ẹ má gbé etí lé e mọ́. Irú eléyìí, wọn kì í jẹ́ kó..."

"Ẹ kú ilé o!"

Tíṣà Edith ló wọlé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tó so gíláàsì ojú mọ́ okùn lọ́rùn, tó mú agbòòrùn dání. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Bàbá Bátìrì, nǹkan mi ńkọ́?"

"Ó ń jẹun lọ́wọ́, Tíṣà. Ó kù díẹ̀ kó yó."

Oníbàárà ti dé, ibi tí wọ́n ń pè ní gbangba ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Hikmat gbìyànjú láti gba ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ wọlé. "Bàbá, ṣé kò ní dáa kó sinmi díẹ̀ ná? Ó ti jẹ pẹ́."

"Ìyàwó." Ọ̀rọ̀ kan péré. Bàbá kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Alájà wà nílé o."

Hikmat dìde. Ó ṣe bí ẹni tó ń wá sukudíráfà lára ògiri, ọwọ́ rẹ̀ sì kọjá lára súìṣì. Kaà. Ojú pupa tó wà lára ṣájà dí. Ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó mí kanlẹ̀. Kò tíì fìdí kan àga tó fi gbọ́ ohùn Bàbá:

"Ta ló pa á?"

Kaà. Bàbá tàn án padà.

Kò tán síbẹ̀. Bàbá wọ́ àpótí ìjókòó rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó tiro lọ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì náà gan-an, ó sì jókòó tì í. "Èmi fúnra mi ni n ó máa ṣọ́ ọ. Ó dà bí ẹni pé eku ilé yìí ti ń tẹ súìṣì."

"Bàbá Bátìrì, ṣé orúnkún yẹn ń dùn yín ni?" ni Tíṣà béèrè.

"Orúnkún wo? Orúnkún mi kò ṣe nǹkan kan."

Ẹ rí iṣẹ́ tí Hikmat ṣe báyìí? Ìṣísẹ̀ márùn-ún ni Bàbá fi jìnnà sí bátìrì yẹn tẹ́lẹ̀. Hikmat fẹ́ gbà á là, ó wá sọ ọ́ di ìgbọ̀nwọ́ kan. Ìgbà yìí ló bọ́ síta, tó gbójú sókè wo òpó iná, tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí ní Bẹ́yẹrúnká.

Ó ka ìṣẹ́jú. Mẹ́ta. Márùn-ún. Ní agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méje, iná lọ.

"Háà!" ni gbogbo Bẹ́yẹrúnká ké.

"Alhamdulilahi!" ni Hikmat ké.

Gbogbo ojú yí sí i. Blessing, onídìrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, yọ orí síta pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́. "Hikmat, ṣé orí ẹ pé? Orí oníbàárà ń bẹ nínú ẹ̀rọ, irun ẹ̀ ò tíì gbẹ, ìwọ ń dúpẹ́! Ta ló bí ẹ nínú ilé iṣẹ́ oníná?"

Hikmat ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pé lẹ́nu rẹ̀ tó fi rí Bàbá tó ń tiro gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, tó ń yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn.

Jẹnẹrétọ̀.

Inú àgò onírin ló wà, àgádágodo lẹ́nu rẹ̀ nítorí àwọn olè. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló ti kọ̀ tí kò jí. Mẹkáníìkì méjì ti fa okùn rẹ̀ títí tí apá wọn fi fẹ́ yọ. Kò lè jí, ni Hikmat ń sọ fún ara rẹ̀ bó ti ń sáré wọlé, kò lè jí láéláé. Ó débi pákó. Rọ́bà búlúù yẹn ti ya láti òkè délẹ̀. Àwọn àpò fàdákà tó pẹlẹbẹ láàárọ̀ ti yọ ikùn bí aláboyún oṣù mẹ́sàn-án. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí i láìfọwọ́ kàn án, ooru rẹ̀ sì kọ lù ú bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ojú ààrò.

Gbururururu! Bàbá fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Jẹnẹrétọ̀ jí bí ọmọ tó gbọ́ ìró abọ́ oúnjẹ.

Hikmat na ọwọ́ sí wáyà. Ìka rẹ̀ kù díẹ̀ kó kàn án.

"Ìyàwó! Kúrò ńbẹ̀!"

Bàbá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ ti padà sọ́rùn rẹ̀. Ó fi apá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn dí ọ̀nà wáyà. Ó wo bátìrì tó wú. Ojú rẹ̀ kún fún ayọ̀.

"Ẹ wò ó! Ẹ wo ikùn rẹ̀! Ta ló ní kì í jẹun?"

Hikmat bọ́ síta. Ohun tó mọ̀ nísinsìnyí burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: bátìrì tó bá ti wú tó yẹn, bí wọ́n tilẹ̀ pa iná, ó ṣì lè bẹ́. Ọ̀rọ̀ súìṣì ti kọjá. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé kí Bàbá dìde kúrò nídìí rẹ̀.

Ó ronú kan Tíṣà. Òun ló ni bátìrì, ó sì dàgbà tó ẹni tí Bàbá lè gbọ́ràn sí lẹ́nu. "Mà, ẹ dákun, ẹ wá bá mi wo nǹkan kan lórí tábìlì mi." Tíṣà jáde. Hikmat fi ẹnu kan etí rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un wúyẹ́wúyẹ́.

Àṣìṣe gbáà! Ọdún márùndínlógójì ni Tíṣà Edith fi bá ọgọ́rin ọmọ sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì kan. Wúyẹ́wúyẹ́ kò sí nínú ohun tí wọ́n dá mọ́ ọn.

"Ó MÁA BẸ́ KẸ̀?"

Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní òdìkejì títì yí orí padà. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, síbẹ̀ Bàbá gbọ́.

"Kí ló máa bẹ́?" Ohùn rẹ̀ jáde láti inú. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá Bátìrì," ni Tíṣà pè, "ẹ bá mi yọ nǹkan mi, mo fẹ́ máa lọ."

"Tíṣà, ẹ̀yin náà? Ọmọ tó ń jẹun lọ́wọ́, ẹ fẹ́ fà á kúrò nídìí abọ́? Ọdún mọ́kànlélógójì! Kò sí bátìrì tó jáde níbí rí láìhó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́, kó lọ jí ọ̀gá mi dìde ní sàréè ná. Ó di ìgbà tó bá hó kí n tó dìde níbí, mo fi Ọlọ́run búra!"

Ẹ gbọ́ ìyẹn? Ó ti búra. Ọkùnrin Ìbàdàn tó búra lójú ọlọ́kadà márùn-ún, ta ni yóò gbé e kúrò níbẹ̀?

Blessing tún yọ orí síta. Ó ń fa imú. "Ta ló ń kun èékánná níbí? Òórùn ọ̀dà èékánná ń wọlé sí mi nímú, èmi ò sì kun ti ẹnikẹ́ni láàárọ̀ yìí."

Hikmat náà fa imú. Òórùn dídùn kan ń ti inú ṣọ́ọ̀bù bọ̀, ó ń rọra rìn. Oje inú àpò yẹn ló ti ń jò.

Ìṣẹ́jú ló kù. Bóyá kò tilẹ̀ tó ìṣẹ́jú.

Ìgbà yìí ni ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. Olóògbé náà ló kọ́ ọ ní oríkì ilé ní ọ̀sẹ̀ tó wọlé ọkọ. "Bí bàbá ọkọ ẹ bá ń bínú," ni ìyá náà sọ fún un, "má bá a jiyàn. Oríkì ni kí o kì í. Ọkùnrin ilé yìí kì í jókòó gbọ́ oríkì. Bó rẹ̀ ẹ́, bí kò rẹ̀ ẹ́, á dìde, á dé fìlà, á wá bá ẹni tó ń kì í."

Hikmat rìn lọ sí àárín ojúde, ó kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà títì tó ti gbóná, ó sì la ohùn.

"Àkànmú, ọkọ mi!"

Blessing sọ ìyarun nù. Tíṣà bọ́ gíláàsì ojú.

"Àkànmú, ọmọ onílé tí kò tilẹ̀kùn mọ́ àlejò!
Ọmọ ajíbọ́jú kó tó kí ayé,
Òjò pa yín ní bàtà, kò pa yín lẹ́sẹ̀.
Ẹ̀sọ̀ ni bàbá yín fi ń rìn, ayé ń sáré tẹ̀lé e!"

Nínú ṣọ́ọ̀bù, orí Bàbá wú. Ó wo bátìrì, ó wo ìta. Ó búra o. Ṣùgbọ́n ìbúra kò ní ohùn, oríkì ló ní. Ó di pákó mú, ó dìde.

Ìṣísẹ̀ kan. Ìṣísẹ̀ kejì. Ó ku mẹ́ta kó dé ẹnu ọ̀nà.

Ó dúró. Ó fọwọ́ pa orí. "Fìlà mi!"

Ó yí padà.

Ìṣó ìwé ẹ̀rí Hikmat, òkè bátìrì gan-an ló wà! Oríkì tí ìyá ọkọ kọ́ ọ sì ti tán. Ìlà mẹ́rin péré ni. Kí ló kù? Irọ́ ló kù. Ó tún la ohùn, ó ń hun ún bó ṣe ń bọ̀ lẹ́nu:

"Àkànmú, ọkọ ásíìdì, ọkọ wáyà!
Mọ́tò kú ní Bẹẹrẹ, wọ́n ní ẹ gbé e wá.
Bọ́ọ̀sì dákú lÓjèé, wọ́n ní ẹ gbé e wá.
Afọwọ́kan-òkú-irin kó dìde kó máa sáré!
Ẹ máa bọ̀, ẹ má wẹ̀yìn, ẹkùn kì í wẹ̀yìn!"

Bàbá ti na ọwọ́ mú fìlà. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá kan pákó, pákó mì, bátìrì wíwú yẹn sì rọra yí díẹ̀. Bàbá dé fìlà, ó gẹ̀ ẹ́ sápá òsì. Ó ń bọ̀. Ìṣísẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta.

"Ọmọ agẹṣin gun òkè Mápó!" ni Hikmat pariwo, irọ́ yìí ti gun ẹṣin lọ gan-an báyìí. "Bàbá yín gẹṣin gun Mápó, Mápó ní ẹ kú àbọ̀!"

Mẹ́rin. Márùn-ún. Bàbá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ọba tí wọ́n ń kí.

Ṣììììì.

Ohùn náà ti inú ṣọ́ọ̀bù wá. Bàbá dúró gbagidi. Ojú rẹ̀ tàn bí ojú ọmọ tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

"Ẹ gbọ́!" ni ó kígbe. "Ẹ gbọ́ ọ! Ó ti ń hó! Mo sọ fún yín!"

Ó yí padà. Ó ti ń na orí síwájú kó tó gbé ẹsẹ̀, etí ọ̀tún ló ṣíwájú.

Kò sí oríkì tó lè dá ọkùnrin yẹn dúró mọ́. Ìyàwó ilé kì í gbá bàbá ọkọ lẹ́wù mú. Kò ṣẹlẹ̀ rí ní agboolé náà. Hikmat fò dìde, ó fi ọwọ́ kan gbá ọrùn bùbá rẹ̀ mú, ó fi èkejì wọ́ ọ níbàdí, ó sì fi gbogbo ara fà á sẹ́yìn. Àwọn méjèèjì ṣubú yakata sórí abọ́ omi ọṣẹ Blessing.

GBÀÀ!

Iná yọ ahọ́n lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gùn tó ènìyàn kan. Èéfín funfun tẹ̀lé e. Nǹkan kan tó ń jó fò la àárín ilẹ̀kùn kọjá, ó bà sórí àtíbàbà, ó jábọ́ sílẹ̀, ó ń fọ́n iná kiri. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta. Àpótí tí kò tíì ju ìṣẹ́jú kan lọ tí Bàbá dìde lórí rẹ̀, òun náà ti ń jó bí ìtùfù.

Blessing ti gbé kórobá omi. "Ẹ kúrò lọ́nà!"

"Má dà á!" ni Hikmat kígbe láti ilẹ̀. "Iná jẹnẹrétọ̀ ṣì ń wọ ibẹ̀! Bàbá, kọ́kọ́rọ́!"

Kò sí ẹni tí Bàbá Bátìrì yọ kọ́kọ́rọ́ yẹn fún rí. Ó bọ́ ọ lọ́rùn, ó fi lé e lọ́wọ́. Hikmat sáré gba ẹ̀yìn, ó pa jẹnẹrétọ̀, ó padà wá. "Ẹ bo imú yín! Èéfín yẹn, májèlé ni! Ẹ wa yẹ̀pẹ̀!" Àwọn ọlọ́kadà wa iyanrìn ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ níwájú, wọ́n dà á lé e. Iná rọlẹ̀. Gbogbo wọn mí. Fòò! Ó tún jí lábẹ́ iyanrìn bí ẹni tó kàn ń tòògbé. Wọ́n wá fa omi kànga agboolé, kórobá lé kórobá, wọ́n dà á títí tí bátìrì náà fi dákẹ́, tó di èédú rírún.

Tíṣà Edith dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi agbòòrùn tọ́ka sí i. "Bàbá Bátìrì. Ṣé ó ti yó?"

"Ó yó, Tíṣà," ni Bàbá wí láti ilẹ̀ tó jókòó sí. "Ó yó kọjá."

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi kan etí ọ̀tún rẹ̀. Ó di í mú bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Kò tíì sọ̀ ọ́ sílẹ̀ tí ariwo fi gba ọ̀nà agboolé bọ̀.

"Yẹ̀kínì! Yẹ̀kínì dà?" Alájà Qúdrát ni, ìborùn lọ́wọ́, ọmọbìnrin ilé mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. "Wọ́n ní ìyàwó gbá ọ lẹ́wù mú! Wọ́n ní ó fi ọ́ lu ilẹ̀ lójú ọlọ́kadà!"

Hikmat ti kúnlẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Ọrùn bùbá Bàbá ya dé àyà, àmì ìka rẹ̀ márààrún wà lára rẹ̀ pẹ̀lú dúdú òjé. Ó wo tábìlì rẹ̀ tó dojú dé lábẹ́ àtíbàbà, ó ti ń gbé e lọ sẹ́yìn ilé lọ́kàn.

Blessing la ẹnu. Tíṣà la ẹnu. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n pa á dé.

"Orúnkún mi ni, Alájà."

"Kí lo wí?"

"Orúnkún mi. Ti ọ̀tún." Ó ń wo ilẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, ó ń mú un jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń tu eyín. "Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń dùn mí. Mo ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ìyàwó ló gbá mi mú. Ká ní kò gbá mi mú ni, inú ibẹ̀ yẹn ni ǹ bá ṣubú sí."

Alájà wo bùbá tó ya. Ó wo ṣọ́ọ̀bù tó dúdú, ó wo Hikmat.

"Ọdún mẹ́ta!" ni ó bú jáde. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sọ pé kí o jẹ́ ká lọ fi han dókítà! Àgbà yẹpẹrẹ! Ìyàwó, dìde ńlẹ̀, o ṣeun. Bó bá tún fẹ́ ṣubú, kí o gbá a mú dáadáa ju báyìí lọ!"

Ó bínú padà sílé lọ wá òróró ìpara. Blessing yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

Hikmat wọ inú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú Bàbá láti wo ohun tó kù. Férémù ìwé ẹ̀rí ti jó, gíláàsì rẹ̀ fọ́ sílẹ̀. Ìṣó nìkan ló ṣì wà lára ògiri, ó dúdú, ó dúró ṣinṣin. Bàbá bọ́ fìlà lórí, ó na ọwọ́ síbẹ̀, ó rántí, ó sì ká a sínú àpò.

"Ṣé wọ́n lè tún òmíràn kọ fún ọ?"

"Wọ́n lè kọ ọ́, Bàbá."

"Kí wọ́n kọ ọ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá omi dúdú síta. Bàbá fi ẹsẹ̀ ti èédú kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá mi kò gẹṣin rí."

Hikmat dá ọwọ́ dúró lórí ìgbálẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe. Ẹṣin ń bà á lẹ́rù. Bó bá rí ẹṣin lọ́jọ́ Iléyá, inú ilé ló máa ń sá sí." Bàbá nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí bùbá tó ya. "Mo mọ̀ pé irọ́ ni látìgbà tí oríkì ẹ ti dé Bẹẹrẹ."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń bọ̀?"

Bàbá gbé kórobá, ó tiro dé ẹnu ọ̀nà, ó da omi náà nù. Ó wá bojú wẹ̀yìn.

"Bí o bá tún ń kì mí lọ́jọ́ mìíràn," ni ó wí, "ẹṣin yẹn, má yọ ọ́ kúrò ńbẹ̀ o."